Àtàǹpàkò Òsì Límátù

Límátù kì í ṣe ọmọ Ajue, kò sì fìgbà kankan pe ara rẹ̀ ní ọmọ ibẹ̀. Ìwó ni wọ́n bí i sí. Àmúsà ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Ajue, nínú igbó Odìgbó, nígbà tí Tẹjú, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ṣì ń mu ọmú. Àmúsà tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Owólabí, onílẹ̀ ibẹ̀, ó ṣán igbó, ó gé àwọn igi ńlá tó ba àáké jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbin kòkó. Nígbà tí kòkó náà fi so dáadáa, Tẹjú ti dàgbà tó ẹni tó ń bá wọn kó èso jọ sábẹ́ igi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ kòkó orí ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe rí, kí ẹnì kan má baà jókòó sí Ìbàdàn kó máa bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rù fi ń ba àgbàlagbà obìnrin bẹ́ẹ̀. Igi ni tìrẹ, ilẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Lọ́dọọdún, wàá gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀, kòkó gbígbẹ pẹ̀lú garawa epo pupa, wàá kúnlẹ̀, wàá ní, "Bàbá, a dúpẹ́ ilẹ̀ o." Lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá ní òun ò ṣe mọ́, ṣé wàá hú igi kòkó kí o gbé e rù ni? Ó parí nìyẹn. Gbogbo làálàá ọjọ́ ayé rẹ ti di ti ẹlòmíràn.

Nítorí náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Límátù ń rìn ní Ajue. Ó ń kí onílé, ó ń kí ọmọ onílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kí ajá onílé. Tí àwọn ọmọ ìlú bá ń sọ ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ì báà má gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Àmúsà kú nígbà tí ìyà sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn sójà gbé kalẹ̀, ń jẹ gbogbo ayé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ìgbà náà ò nílò kí n sọ ọ́. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó gbówó lórí, epo òyìnbó di góòlù, àwọn sójà tó ń ṣèjọba sì ń sọ lórí rédíò lójoojúmọ́ pé ká fara dà á díẹ̀ sí i. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Inú ló ń run Àmúsà. Wọ́n fi ọkọ̀ tó ń kó gẹdú gbé e dé Òrè, ilé ìwòsàn ní kò sí oògùn, kò sí omi tí wọ́n ń fà síni lára, kò sí ìbọ̀wọ́ pàápàá, kí Límátù lọ ra gbogbo rẹ̀ wá láti ìta. Ó sáré jáde lọ sí oríta níbi tí àwọn ọkọ̀ Bìní ti ń dúró, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Kí ó tó padà dé, wọ́n ti da aṣọ bo ọkọ rẹ̀ lójú. Láti ọjọ́ náà ni Límátù ti ń bá àwọn sójà ṣọ̀tá nínú ọkàn rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ ọ́ fún?

Bàbá Owólabí ò lé e kúrò lóko. Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, ó ṣe é lóore. Àwọn onílẹ̀ mìíràn ì bá ti gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ opó. Òun ní kí Límátù wá, ó la obì fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó sì ní kó tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sórí ìwé àdéhùn lábẹ́ ibi tí Àmúsà tẹ tirẹ̀ sí. Límátù fi ọwọ́ méjèèjì gba awẹ́ obì náà lórí ìkúnlẹ̀. Títí di òní, tó bá rántí, ó máa ń sọ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun ṣe àìdáa sí Bàbá Owólabí.

Àfi bí ìbò ààrẹ ọdún 1993 ṣe dé.

Ẹgbẹ́ méjì péré ni àwọn sójà gbà láàyè, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹ. Àwọn ńláńlá ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹ kan ti wá bá Bàbá Owólabí, wọ́n ti ṣèlérí ipò fún un ní káńsù, wọ́n sì ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé gbogbo àwọn àtìpó tó ń dáko lórí ilẹ̀ òun, ìka kan náà ni wọn yóò tẹ̀. Bàbá wá pè wọ́n jọ síwájú ilé rẹ̀ ní Ajue, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "kò sí pé à ń tò sẹ́yìn àwòrán olùdíje lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé ni wọn yóò fún yín. Ẹṣin wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀. Ẹyẹ ni kí ẹ tẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni kí ẹ sì fi tẹ̀ ẹ́, èyí tí ẹ fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìtẹ̀ka gbogbo yín wà nínú àpótí mi. Tí wọ́n bá dìbò tán, àwọn èèyàn wa yóò kó ìwé ìbò Ajue fún mi, èmi yóò sì fi ìtẹ̀ka wé ìtẹ̀ka. Ẹni tó bá tẹ ẹṣin, ojú mi yóò rí i. Ẹni tó bá sì ní òun ò lọ rárá, ọwọ́ tí kò bá ní tàdáwà ni yóò ṣòfófó rẹ̀."

Ṣé òótọ́ ni? Irọ́ gbuu ni! Ta ló fẹ́ jókòó kó máa fi ojú wá ìlà àtàǹpàkò Límátù láàárín ìwé rẹpẹtẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bá ti mú kì í ráyè ronú. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "A ti gbọ́ o, Bàbá." Límátù náà ní a ti gbọ́.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á kì í ṣe pé kò mọ ẹni tó fẹ́ dìbò fún. Ó mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹnu gbogbo èèyàn ní oríta Òrè ni pé tí ẹlẹ́ṣin bá wọlé, àwọn sójà yóò kó ẹrù wọn. Ìyẹn nìkan ló fẹ́. Kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí ilé ìwòsàn ní omi tí wọ́n ń fà síni lára. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ rò ó báyìí, á rí igi kòkó Àmúsà níwájú rẹ̀, àwọn tó wà létí odò, àti èyí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí Àmúsà máa ń fẹ̀yìn tì tó bá fẹ́ sinmi. Ẹ̀rù á sì bà á.

Ìdáyátù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyàwó Gàzálì tí oko rẹ̀ bá ti Límátù pààlà. Àwọn méjèèjì jọ ń fọ́ kòkó ni, wọ́n jọ ń se ọṣẹ dúdú láti ara eérú èèpo kòkó ni. Lọ́jọ́ tí Àmúsà kú, Ìdáyátù ló sùn ti Límátù. Lọ́sẹ̀ ìbò, wọ́n jọ ń ro abẹ́ kòkó.

"Ìyá Tẹjú, ṣé ẹ máa lọ?" Ìdáyátù bi í, kò gbójú sókè.

"Ṣé èèyàn lè ṣàìlọ ni?"

"Òótọ́ ni. Ẹyẹ náà la máa tẹ̀."

"Ẹyẹ náà ni," Límátù dáhùn.

Wọ́n ń roko lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn tó ti nu omijé ara wọn nù, ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n lè wo ojú ara wọn sọ òótọ́. Límátù rò ó pé tí òun bá sọ fún Ìdáyátù, Ìdáyátù á sọ fún Gàzálì, ẹnu Gàzálì ò sì ní èdìdì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, rédíò ní ilé ẹjọ́ kan ti ní kí wọ́n má dìbò. Rédíò kan náà tún ní wọn yóò dìbò. Àwọn àgbàlagbà Odìgbó ń mi orí. Ní ìhà ibí yìí, tí nǹkan bá ti burú, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ó le kú, ìjà Òrè," nítorí ogun abẹ́lé jà dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n sì mọ ohun tí ìbọn sójà lè ṣe. Límátù gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́nu ẹni mẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀.

Ibi tó ti ń fọ agbada gàrí ló ti wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó dúró. Àtàǹpàkò ọ̀tún ló wà nínú àpótí Bàbá. Ti òsì ńkọ́? Òsì ò tẹ ìwé ẹnikẹ́ni rí. Tí Bàbá bá fi ìtẹ̀ka wé ìtẹ̀ka títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní í rí ti Límátù lórí ẹṣin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Àmọ́ ojú tún tì í. Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, tí a kì í fi júwe ilé baba ẹni, ṣé òun ni èèyàn yóò fi yan ẹni tí yóò jẹ ààrẹ? Ó ní, "Àmúsà, ẹ má bínú. Èyí tó kù fún mi nìyí."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dìbò, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ káàdì gbogbo wọn wò, wọ́n ní kí wọ́n dúró, oòrùn sì mú. Bàbá Owólabí jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò ní òkèèrè, ó ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Nígbà tó kan Límátù, ó gba ìwé, ó bọ́ sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. Ẹyẹ ń wò ó. Ẹṣin náà ń wò ó. Ó ti ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ ìró, kó má lọ ṣèèṣì. Ó ki òsì bọ inú tàdáwà, ó sì tẹ ẹṣin náà kanlẹ̀. Kò pẹ́ ju kí èèyàn pa yànmùyánmú lọ. Ó ká ìwé náà, ó jáde, ó jù ú sínú àpótí lójú gbogbo ayé, ó sì kúnlẹ̀ kí Bàbá Owólabí lábẹ́ máńgòrò.

"O káre, Límátù," Bàbá wí.

Inú rẹ̀ dùn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ni Gàzálì ti bá a. "Ìyá Tẹjú, Bàbá ní kí gbogbo wa wá lọ́la, tí àwọn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n fẹ́ wo tàdáwà ọwọ́ wa, kí wọ́n lè mọ ẹni tí kò dìbò."

Límátù wo ọwọ́ rẹ̀. Yéè! Òsì dúdú bí aró. Ọ̀tún mọ́ tónítóní. Ọgbọ́n tó fi sá fún àpótí Bàbá ti di ẹlẹ́rìí lára rẹ̀. Ta ni yóò fi òsì tẹ ìwé bí kò bá ní nǹkan tó fẹ́ fi pa mọ́?

Ó bu ọṣẹ dúdú, ó fi kànrìnkàn ha ìka náà. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó fi yanrìn odò gbo ó títí awọ fi bó. Tàdáwà ti wọ eteetí èékánná, kò lọ ibì kankan. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó rántí nǹkan kan. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀! Gbogbo ẹni tó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ kòkó ló mọ̀ pé aṣọ tí oje rẹ̀ bá ta sí ti bàjẹ́ títí láé. Ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó gé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó gbá àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ibi tí oje ti ń ṣàn, ó fi erùpẹ̀ àdògán díẹ̀ ra á. Ó ń dúró kó gbẹ, ó tún ń fi òmíràn lé e. Ó dúdú. Kì í ṣe àwọ̀ aró gan-an, ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti ń ṣú. Tó bá wo ọ̀tún, òun á fi ọ̀tún hàn, òsì á wà nínú ìró.

Kò sùn dáadáa. Ó ń lá àlá pé igi kòkó ń tò sẹ́yìn àwòrán.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Owólabí dé láti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú agbádá funfun. Àwọn àtìpó ti tò sí ibi ìsákòkó, ọkùnrin àti obìnrin.

"Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún," Bàbá wí.

Wọ́n nà án. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ó wo ti Gàzálì: mọ́. Ó wo ti Ìdáyátù: mọ́. Ó wo ẹni tó tẹ̀ lé e, ó tún wo ẹlòmíràn, iwájú orí rẹ̀ sì ń ká jọ. Límátù ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ti fojú sílẹ̀, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Bàbá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọ̀tún rẹ̀ mú, ó gbé e sókè.

"Obìnrin kan ṣoṣo!" Bàbá pariwo. "Ẹ wò ó! Nínú gbogbo yín, opó nìkan ló gbọ́ ohun tí mo wí! Ẹ̀yin yòókù, ó yá, ẹ yọ òsì!"

Wọ́n yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ra sílẹ̀. Àtàǹpàkò òsì Gàzálì dúdú bí aró. Ti Ìdáyátù náà bẹ́ẹ̀. Ti ẹni yìí, ti ẹni yẹn, lọ títí dé ìparí ìlà. Orí Límátù fò lọ. Ha! Gbogbo wọn! Oníkálukú ti jókòó sílé rẹ̀, ẹ̀rù ti bà á, ó ti ronú kan òsì, ó sì ti gbà pé òun nìkan lọlọ́gbọ́n ní Ajue. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tẹ ẹyẹ.

Ojú Bàbá yí padà. Ẹ má rò pé ìbínú nìkan ni. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún àwọn ẹni ńlá, kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ojú òun rí. "Ẹ máa kó ẹrù yín," ó ní. "Gàzálì, ìwọ lo máa kọ́kọ́ lọ. Oko rẹ ti di ti Límátù láti òní lọ." Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó mú obì jáde, ó là á, ó sì na awẹ́ kan sí Límátù. "Gba obì ilẹ̀."

Límátù kúnlẹ̀. Ó na ọ̀tún.

Bàbá ò fi obì náà sí i. Ó ń dúró. A kì í fi ọwọ́ kan gba obì ilẹ̀, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbà á.

Ẹ̀rù tí kò bà á rí láyé rẹ̀ ló wá bà á nígbà náà. Irọ́ ti ṣe tán lẹ́nu rẹ̀. Ó lè sọ pé àdá ṣá òun lọ́wọ́, pé òun fi aṣọ di í. Bàbá á gbà á gbọ́, nítorí ó fẹ́ gbà á gbọ́. Kòkó Àmúsà á wà níbẹ̀. Ti Gàzálì náà á di tirẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Ìdáyátù. Ìdáyátù ò bínú, kò bú u. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ojú yẹn ni Límátù ò lè gbà.

Ó yọ òsì lábẹ́ ìró. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, àwọn àtàǹpàkò méjèèjì dojú kọ òkè, ọ̀kan tàdáwà, ọ̀kan oje ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Èmi náà wà lára wọn."

Bàbá Owólabí wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó ju awẹ́ obì sí ẹnu ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ẹ dúró de èsì ìbò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé ẹṣin wọlé, kí ẹ lọ bá ẹṣin kó fún yín nílẹ̀."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kí Ọlọ́run má fi irú ọjọ́ tó tẹ̀ lé e dán wa wò. Lójoojúmọ́ ni ìròyìn ń ti Òrè wá pé ẹṣin ń sáré lọ níwájú, ẹṣin ti gba ibí, ẹṣin ti gba ọ̀hún. Ní oríta, wọ́n ń jó. Ní Ajue, àwọn tó dìbò fún ẹṣin jókòó sílẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí. Ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an ló ń bọ̀ wá lé wọn lóko. Límátù ò mọ àdúrà tí yóò gbà mọ́. Tó bá ní kí ẹṣin wọlé, ó dúró. Tó bá ní kó má wọlé, ó rántí aṣọ tí wọ́n dà bo Àmúsà lójú, á tún dúró. Ní ìkẹyìn, kò gbàdúrà kankan. Òun àti Ìdáyátù bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù, wọ́n jọ ń dì í.

Ẹ̀yìn náà ni àwọn sójà ní àwọn ti fagi lé ìbò. Kò sí ẹni tó wọlé. Ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà.

Bàbá Owólabí ránṣẹ́ pe Límátù. Ó bá a lórí àga níwájú ilé, kò wọ agbádá, ó rí bí ẹni tó ti gbó sí i. Límátù kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ó ń dúró kí Bàbá dá ọjọ́ tí òun yóò kó jáde.

"Ṣé o ti gbọ́?" Bàbá bi í.

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Wọ́n ní kò sí ìbò." Bàbá ti ara rẹ̀ sẹ́yìn lórí àga. "Tí kò bá sí ìbò, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí nìyẹn. Sọ fún Gàzálì àti àwọn yòókù. Kí oníkálukú padà sóko rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ ṣeun! Ẹ kú oore!" Límátù forí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ títí Bàbá fi ní ó tó. Ó dìde, ó gba ọ̀nà oko lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Nígbà tó dé ìdí kòkó tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí Àmúsà máa ń fẹ̀yìn tì, ó fọwọ́ òsì gbá a mú. Tàdáwà ṣì wà létí èékánná rẹ̀. Ó wò ó, ó wá yé e pé fífagi tí àwọn sójà fagi lé ìbò rẹ̀ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ forí balẹ̀ dúpẹ́ fún.

Ibẹ̀ ló jókòó sí tó sunkún, títí Ìdáyátù fi wá wá a.